Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Ọmọ Tí Mo Bí

Èèpo ọsàn ni ọ̀nà Fìdítì ń rùn sí mi nímú títí dòní. Mi ò sọ pé ọsàn o. Èèpo rẹ̀ ni mo wí, èyí tí a ti bó sílẹ̀ láti ìdájí, tí oòrùn ti yan, tí èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ti dà pọ̀ mọ́, tó wá ń ta ni nímú bí ẹni tó ń wá ìjà. Etí títì ni àtẹ mi wà nígbà náà, lápá òsì, níbi tí àwọn tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ti máa ń dúró ra ọsàn, kí ìjọba tó jí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Bí oníbàárà mi ṣe di ti òdìkejì nìyẹn. Mo ru àtẹ mi, mo sọdá. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ní ààyè òun ni; mo ní kó lọ bá ìjọba jà, èmi kọ́ ni mo pa títì dà. A bú ara wa títí ẹnu fi rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ bí awakọ̀ kan bá gbàgbé, tó tún gba ọwọ́ òsì bọ̀, àwa méjèèjì la jọ máa ń di ara wa mú, tí a ó jọ máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún, ẹ̀rín ló ń pa mí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n má jà.

Àkọ́bí mi obìnrin ló máa ń bá mi bó ọsàn bó bá ti ilé-ìwé dé. Ọmọ náà lè fi ọ̀bẹ yí ọsàn po láti orí dé ìdí, kí èèpo má já, kí ojú rẹ̀ sì wà lára ìwé tó tẹ́ sórí itan. Ní tèmi, ìwé tí mo mọ̀ ò ju orúkọ ìlú tí wọ́n ń kọ síwájú ọkọ̀ lọ, kí n lè mọ ẹni tó ń lọ jìnnà, tí òǹgbẹ yóò gbẹ. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ẹni jẹ́jẹ́. Bí ilé bá ń jó, "ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù" ni yóò kọ́kọ́ sọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn yà sídìí àtẹ mi, ó mu ọsàn, kò bèèrè iye tó jẹ́, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín yìí lọ́pọlọ o. Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe tó o nínú ìdánwò. Ilé-ìwé girama méjì ló ń pè é fún ìntáfíù, ilé-ìwé tí ọmọ ń sùn nínú ọgbà." Mo ní kó tún mu ọsàn kan sí i.

Ọ̀kan nínú ilé-ìwé méjèèjì wà ní Ọ̀yọ́. Èèyàn á wọ mọ́tò ní Fìdítì, á kọjá Ìlọrá, á kọjá Awẹ́, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ kò ní tíì parí tí yóò fi sọ̀. Èkejì wà ní Abẹ́òkúta, ti obìnrin nìkan. A ní láti wọ mọ́tò dé Ìbàdàn ká tó wá òmíràn wọ̀. Abẹ́òkúta yìí ni àbúrò ọkọ mi obìnrin ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ bí ilé ọkọ ti rí. Ọmọ tí o bá bá nílé, bó ṣì ń rákò, ọkọ rẹ ni, o ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ọmọ kékeré tí ikun ń bọ́ nímú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí. Mo sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán bí ìyàwó rere, nígbà tí kò tíì sí ìbàdí kankan níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi wé àrán. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń di irun rẹ̀. Ó wá kàwé, ó wọ bàtà gogoro, ó lọ fẹ́ akọ̀wé kan l'Ábẹ́òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú sọ̀rọ̀. Ó bímọ léra wọn bí ẹ̀kọ inú agbọ̀n. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sá lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ló rántí pé òun fẹ́ràn ọmọ mi.

Ó wá bá mi nídìí àtẹ, ó dúró lókèèrè, lójú oòrùn, kí èèpo ọsàn má bàa kan bàtà rẹ̀.

"Ìyàwó, Abẹ́òkúta ni ọmọ yìí ń lọ. Ilé-ìwé gidi nìyẹn. Èmi ni n ó sì máa mójú tó o."

Mo kúnlẹ̀, mo kí i dáadáa. Mo ní, "Ìbàdíàrán, ẹ kú àmójútó. Ṣé ìwé ni yóò máa kà lọ́hùn-ún ni, àbí ọmọ yín ni yóò máa pọ̀n?"

"Wo ẹnu ẹ! Ẹnu yìí ni yóò ba tọmọ náà jẹ́."

"Ẹnu yìí náà ló ń ra ìwé fún un o, ọkọ mi. Ẹ gba ọsàn."

Kò gba ọsàn. Ó pòṣé, ó lọ dá mọ́tò dúró.

Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ pè wá. Torí pé n kì í bá ènìyàn jà kí n má fún un lẹ́bùn, mo di agbọ̀n ọsàn kan fún nọ́ọ̀sì, èyí tó dára jù nínú ọjà mi, mo gbé e láti Fìdítì. Ẹnu géètì ilé-ìwé ló ti pàdé wa. Ó ti da lọ́fínńdà sára, òórùn rẹ̀ kí wa kí òun tó kí wa. Ó di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹnì kan ló lè bá ọmọ wọlé, òyìnbó ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Dúró síbí." Wọ́n wọlé. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan, mo gbé agbọ̀n mi kalẹ̀ síwájú. Mi ò tíì nu òógùn tán tí bàbá kan tó wọ agbádá fi ké sí mi: "Ìyá ọlọ́sàn, eélòó?" Mo bojú wẹ̀yìn, mo ń wá ìyá ọlọ́sàn náà. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé èmi ni, èmi tí mo wọ aṣọ tí mo fi ṣe ọdún iléyá! Ó dùn mí wọra. Ẹ̀rín sì tún pa mí, ọ̀bẹ sì wà nínú àpò mi bó ti máa ń wà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn. Àwọn ìyá wá, àwọn bàbá wá, awakọ̀ wọn wá. Ọmọ mi ń sọ òyìnbó nínú yàrá, èmi ń sọ "ẹ tọ́ ọ wò, oyin ni" lábẹ́ igi. Fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi, mo ń gbọ́ ẹ̀rín nọ́ọ̀sì, n ò gbọ́ èdè. Kí wọ́n tó jáde, agbọ̀n ti ṣófo.

Nọ́ọ̀sì wo agbọ̀n, ó wo èèpo nílẹ̀. "O wá tajà níbí? O fẹ́ dójú tì mí lójú àwọn ọ̀gá?"

"Ẹ̀yin lẹ wọlé lọ di ìyá ọmọ, èmi náà bá wá iṣẹ́ ṣe. Ẹ má bínú, ọsàn yín ni mo tà."

"Ọsàn mi báwo?"

"Ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún láti ilé. Ó dùn o. Gbogbo wọn ló yìn ín."

Nínú mọ́tò, mo bi ọmọ mi léèrè ohun tí wọ́n bi í. Ó ní, "Wọ́n bi mí léèrè nípa ilé," ó sì kọjú sí fèrèsé títí a fi dé.

Ti Ọ̀yọ́, èmi nìkan ni mo mú un lọ, mi ò jẹ́ kí ọmọ ilé kankan gbọ́. Ẹni tó bá mọ ọjà rà kì í wo ọsàn tó wà lókè òkìtì, ìsàlẹ̀ ló ń ki ọwọ́ bọ̀. Bí ọmọ mi ti wọlé lọ bá wọn, ẹ̀yìn ni mo gbà, mo forí lé ilé ìdáná. Olùṣọ́ kan dá mi dúró, ó ní àlejò kì í gba ibẹ̀. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọgbà náà. Ó ní kí n bọ̀wọ̀ fún aṣọ tí òun wọ̀; mo ní aṣọ náà mo rí i, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò tíì rí. Ariwo wa pọ̀ débi pé àwọn ọmọ kíláàsì ń yọ orí lójú fèrèsé, àwọn òbí tó jókòó ń dìde wò wá. Ọmọ mi ti jáde nígbà náà. Mo rí i lẹ́yìn òpó kan, ó fi ìwé bojú. Mo rò pé oòrùn ló ń sá fún. Mo ṣáà dé ilé ìdáná. Ìyá alásè bu ẹ̀wà fún mi tọ́ wò. Ó jinná, kò ní òkúta. Kànga wọn mọ́. Ó parí lọ́kàn mi: Ọ̀yọ́ ni. Ọjọ́ tí mo bá lọ ra nǹkan ní ọjà Akẹ̀sán, n ó yà wò ó. Bí olùkọ́ kan bá gbé pàṣán sókè sí ọmọ mi, kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n ó ti dé.

Ilé-ìwé méjèèjì gbà á. Ọ̀gá àgbà ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a gbọ́dọ̀ dá ọ̀kan lóhùn. Bí a bá fi falẹ̀, wọn ó gbé ààyè náà fún ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ mi á sì pàdánù méjèèjì. Mo ní Ọ̀yọ́, nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta, ọkọ mi ní ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí bá pe ìpàdé sí agbo ilé wọn ní Ìlọrá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Àwọn ọmọ ilé wà lórí àga àti ẹní. Àwa ìyàwó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí a ti lè tètè dìde lọ bu omi. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá sún mọ́ ọjà, ọjà ni yóò kọ́. Ó ní ìyàwó àwọn fẹ́ fi ọmọ àwọn ṣe ọlọ́sàn, kí ilé àwọn lè pé ọlọ́sàn méjì. Mo la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó ti na ìka sí mi.

"Ta ló pè ọ́? Ọ̀rọ̀ ọmọ ilé là ń sọ. Àlejò ni ìyàwó."

Mo wo olórí ẹbí. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ìyàwó, má bínú. Òótọ́ ni pé ọmọ ilé ló ń sọ̀rọ̀ nípàdé. Bó bá kan oúnjẹ, a ó pè ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń wo èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Gbogbo omi tí mo ti pọn nínú ilé náà láti ọjọ́ tí mo ti wọ̀ ọ́ ló ru sókè ní àyà mi. Ibi tí mo ti ń wá ẹni tí n ó kọ́kọ́ bú ni mo ti rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ mi jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ ilé, ó ń kàwé. Lórí ẹní! Èmi tí mo bí i wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Mo dìde. Mo tú ìró mi, mo tún un ró, mo rìn dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ọmọ mi tó ń kàwé.

"Ọkọ mi, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní àlejò ni mí, kò burú. Ẹ̀yin ni ọmọ ilé. Ilé bàbá yín rèé. Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ síbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fò dìde. "Ìsọkúsọ wo nìyí? Ọmọ tó bí lẹ́yìn tó wọlé, ìyẹn náà ti di ọkọ rẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ yín ni, Ìbàdíàrán. Ṣé ó ti tún padà di tèmi ni?"

Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ mi ti fi ìborùn di ẹnu, èjìká wọn ń gbọ̀n. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, àbúrò bàbá wọn, tó ti ń tòògbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó la ojú kan. Ó ní, "Ọmọ ilé ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wa bá wà lára rẹ̀, bí àná la bí i, ó lẹ́nu níbí. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́." Ó tún pa ojú náà dé. Olórí ẹbí ní ohun tí ìyá àgbà bá wí, abẹ gé e. "Ó yá, ọmọ. Ibi tí o bá sọ la ó dá lóhùn."

Mi ò dìde o. Mo fẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ kí n gbádùn bí n ó ti borí.

Ọmọ mi pa ìwé dé. Ó kúnlẹ̀ fún wọn, ó kọjú sí nọ́ọ̀sì. "Àǹtí, lọ́jọ́ ìntáfíù, wọ́n bi yín pé ta ni obìnrin tó ń ta ọsàn lábẹ́ igi. Ẹ ní ẹni tó bá wa ru ẹrù ni."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ hó gèè. Nọ́ọ̀sì ní irọ́ ni. Ó ní àwàdà ni. Ó ní òyìnbó tí òun sọ ni kò yé ọmọ náà. Ọmọ mi bá fi òyìnbó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn imú rẹ̀ gan-an, àwọn tí kò gbọ́ òyìnbó pàápàá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì jókòó. Ẹsẹ̀ ijó ti ń yún mi lórí ìkúnlẹ̀.

"Mo sọ fún wọn pé ìyá mi ni," ọmọ náà wí. "Síbẹ̀, Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ lọ."

"Kí ló dé?" Ariwo tí mo pa jí ìyá àgbà.

Kò wò mí. Olórí ẹbí ló kọjú sí. "Bàbá, Ọ̀yọ́ ti sún mọ́ ìyá mi jù. Bí olùkọ́ bá bá mi wí, wọn ó wá. Bí wọ́n bá bu ẹ̀wà mi kéré, wọn ó wá. Wọn ó bú olùṣọ́, wọn ó bú olùkọ́, gbogbo kíláàsì á máa yọ orí lójú fèrèsé. Mo fẹ́ kàwé. Ilé Àǹtí náà, mi ò ní máa lọ síbẹ̀. Bí a bá gba ìsinmi, Fìdítì ni n ó máa bọ̀."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà yà wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ọkọ tí n kì í rí eyín rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé mo sunkún, irọ́ ló pa. Inú ló bí mi. Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ìjiyàn ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fi orúnkún ara mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọdé di ọ̀rọ̀ ilé. Olórí ẹbí ní ọmọ ilé ti sọ̀rọ̀, ó tán, ẹ gbé iṣu wá.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi padà dé Fìdítì. Òun náà ò bẹ̀ mí. Ó jókòó sídìí àtẹ, ó mú ọ̀bẹ. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo ní, "Ṣé ẹnu mi wá burú tó bẹ́ẹ̀?"

Ó bó ọsàn ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Kò burú, Ìyá mi. Ibi tí mo bá ń lọ ló máa ń dé ṣáájú mi."

Nígbà tó tó àkókò láti wọlé l'Ábẹ́òkúta, èmi àti bàbá rẹ̀ la fẹ́ jọ mú un lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko dá bàbá rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu géètì kí a tó dé, ó ní òun wá ṣojú ilé. Kò kí mi, mo kí i kó lè bí i nínú. Ọmọ obìnrin kan tó ti dàgbà níbẹ̀ bá ọmọ mi gbé àpótí. Ọmọ mi kúnlẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó wọlé, kò bojú wẹ̀yìn. Olùṣọ́ fa géètì, ó ní òbí kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Mo wo olùṣọ́ náà. Ètè rẹ̀ nìkan tó bú fún odindi wákàtí kan. Mo gbé ẹnu mi jẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní, "O rí i, ìyàwó? Ìwọ lo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó sọ ní Ìlọrá."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni, Ìbàdíàrán. Ọmọ ilé ló sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

A jọ pòṣé. Ó lọ wọ mọ́tò tirẹ̀, mo lọ wọ tèmi. Kò dárí jì mí títí dòní, èmi náà ò tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní àyè láti ronú. Ìdí tí mo fi fẹ́ ilé-ìwé ìtòsí kò ju pé ẹ̀rù ń bà mí: mo rò pé ọmọ tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣáà rí i ni yóò máa rán an níṣẹ́, tí yóò máa fi ṣe ẹrú. Bẹ́ẹ̀, ìjókòó kan péré, ó ti nọ́ọ̀sì sẹ́yìn, ó ti èmi tí mo bí i sẹ́yìn, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Inú bí mi títí a fi dé Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn ni mo ti bi ara mi léèrè pé, ẹni tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ irú èmi yìí, ta ló kù tí kò ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́? Ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn nínú mọ́tò kejì, awakọ̀ ló jí mi ní Fìdítì.